Gígun òkè kì í ṣe ti ààwẹ̀ nìkan

Sí Olóòtú,

Ní Òṣogbo níbí, bí ènìyàn bá sọ pé òun ń lọ sórí òkè, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni iye ọjọ́ tí yóò fi gbààwẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, nítorí orí òkè àdúrà ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn lóore. Ohun tí mo ń sọ ni pé ènìyàn lè gun òkè kí ó kàn lè rí bí ilẹ̀ ti rí láti òkè, àti pé ẹni tí kò gùn ún rí lè bẹ̀rẹ̀ bí kò tilẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́ mọ́, bí a bá ti la ọ̀nà fún un.

Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni èmi ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ewú ti gba orí mi. Àtẹ̀gùn tí wọ́n ṣe sí ara òkè náà lé ní 600, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ dé ẹsẹ̀ òkè sáré gùn ún, ibi ìsinmi àkọ́kọ́ ni a sì ti bá wọn tí wọ́n ń mí gúlegúle. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó dàgbà ju gbogbo wa lọ, so ìró rẹ̀ le, ó ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí kò ní ibi kankan í lọ, ó sì ń bá wa tàkúrọ̀sọ títí a fi dé òkè. Ara rẹ̀ ni mo ti rí i pé, bí ènìyàn kò bá lè sọ̀rọ̀ já geere mọ́ bí ó ti ń gùn, eré rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Láti òkè, àwọn ilé kóra jọ sínú àfonífojì, páànù tí ó ti dípẹtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ó ṣì ń dán, a sì ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ láìrí ọkọ̀. Òkè wà lẹ́yìn òkè: èyí tí ó súnmọ́ wa dúdú, ipa omi òjò sì fàlà sí i lára láti orí dé ìdí, èyí tí ó jìnnà ti di aláwọ̀ aró. Nígbà tí ìkùukùu kan kọjá lójú oòrùn, a rí òjìji rẹ̀ tí ó ń rìn lórí àpáta, tí ó gùn ún, tí ó sì sọ̀ ní apá kejì. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè yìí pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀, ààfin wọn àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Lójú tèmi, kì í ṣe ìbẹ̀rù ogun nìkan ni ó dá wọn dúró.

Nígbà ọyẹ́, eruku a máa bo gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni ojú ń ríran jìnnà jù. Bí òjò bá le, àpáta a máa yọ̀, ààrá sì lè sán. Ó dára kí a tètè gùn ún láàárọ̀, nítorí bí ọ̀sán bá pọ́n, àpáta a máa tú ooru tí ó ti fà mu síni lára. Itan ni gígùn ń dùn, orúnkún ni sísọ̀kalẹ̀ ń bá jà.

Kí ni ó wá dé tí a kò la ọ̀nà sí àwọn òkè ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa bí ti Ìdànrè? Òkè yí Ìràgbìjí ká. Àwọn òkè agbègbè Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n ti ja ogun Kírìjì láti 1877. Ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìpele méje ni ọ̀sọ̀rọ̀ omi tó wà níbẹ̀ ní, àtẹ̀gùn sì wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá kọjá ibẹ̀, gbòǹgbò igi ni yóò dì mú. Láti 2005 tí UNESCO ti ka Igbó Ọ̀ṣun mọ́ ogún gbogbo ayé, àwa ará Òṣogbo mọ bí àlejò ti ń wọ́ wá sí ibi tí a bá tọ́jú.

Mo rọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn pé kí wọ́n kun àmì sára òkúta láti fi ọ̀nà hàn, kí wọ́n ri irin ìdìmú síbi tí ó bá dà gẹ̀rẹ́, kí wọ́n fi Yorùbá kọ ìkìlọ̀ sí ẹsẹ̀ òkè, kí wọ́n sì gba àwọn ọ̀dọ́ ìlú kọ̀ọ̀kan síṣẹ́ láti máa mú àlejò gùn ún. Kí wọ́n jọ̀wọ́ má kọ́ ilé ọtí sórí rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan,
Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo.