Oṣù mẹ́ta kò tó fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, láti ìgbà tí bàbá wa ti ń rà á wálé tí àwa ọmọ á máa jà sí ẹni tó máa kọ́kọ́ kà á, mi ò sì kọ lẹ́tà sí yín rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta tí òfin fún ẹni tó bá fẹ́ pe ìjọba lẹ́jọ́ ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún tó kọjá, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀ ọ́n, torí èmi náà ò mọ̀ ọ́n títí tó fi bọ́ sórí.

Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni tí wọ́n bí lé mi gan-an, káfíńtà ni. Ó wà lẹ́yìn ọ̀kadà, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ni mọ́tò káńsù kan tí wọ́n fi ń kó pàǹtí bá gbá wọn. Mi ò ní dárúkọ káńsù náà, kì í ṣe torí ìyẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ọjọ́ kẹta ló kú sí ọsibítù. Mùsùlùmí ni wá, ọjọ́ yẹn náà la sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú, a ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, ìyàwó rẹ̀ sì wọlé opó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Mùsùlùmí mọ̀ pé oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó tiwa, ó wà nínú Kùránì, Súrátù Bàkárà, áyà 234.

Láàárín ìgbà yẹn àwọn ará káńsù wá kí wa o, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n gbé àpò ìrẹsì méjì wá àti owó díẹ̀, wọ́n jókòó dáadáa, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún ìyá wa, wọ́n ní ká fọkàn balẹ̀, àwọn máa ṣe ohun tó yẹ, àwọn ti kọ̀wé lọ sókè, ìwé náà ló ń bọ̀. Tí mo bá pe ẹni tó fún wa ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀, á ní "Ìyá wa, ẹ ṣe sùúrù, ó ti dé tábìlì ọ̀gá." Oṣù tó tẹ̀lé e mo tún pè, ó ṣì wà lórí tábìlì ọ̀gá. Àwọn àgbà ilé ń sọ pé ẹ fi í fún Ọlọ́run, ẹjọ́ kì í jí òkú. Èmi fúnra mi sì ni mo sọ pé kí ẹnikẹ́ni má yọ ìyàwó àbúrò mi lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ lọ́yà títí á fi jáde opó, mo rò pé àánú ni mo ń ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ tó jáde opó gan-an la lọ. Ọ́fíìsì lọ́yà náà ò jìnnà sí kọ́ọ̀tù Ìyágankú. Ìyàwó àbúrò mi gbé nylon dúdú kan dání, gbogbo ìwé wà níbẹ̀, ìwé ọsibítù, ìwé ọlọ́pàá, rìsíìtì oògùn, ìwé ẹ̀rí ikú, títí dórí tépù tí àbúrò mi fi ń wọn pákó, torí inú àpò ṣòkòtò rẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, kò sì mọ ibòmíì tó lè fi í sí. Lọ́yà yìí, ọmọdé ni, kò ju ọjọ́ orí àkọ́bí mi lọ, ó ka àwọn ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá fa kàlẹ́ńdà orí tábìlì rẹ̀ sọ́dọ̀, ó ń ṣí i padà sẹ́yìn, ó ń fi bírò ka ọjọ́. Ó bi wá pé ọjọ́ wo ni mọ́tò gbá a gan-an. A sọ fún un. Ó tún kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá gbé bírò náà sílẹ̀. Ó ní, "Mà, ẹ má bínú, oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún yín."

Mo ní oṣù mẹ́ta kẹ̀? Oṣù mẹ́ta lórí ẹ̀mí èèyàn?

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Public Officers Protection Act, láti 1916 ló ti wà, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló sì ní tiwọn tó jọ ọ́. Section 2 nínú rẹ̀ ló sọ pé tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ṣe nǹkan lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, tàbí tó yẹ kó ṣe nǹkan tí kò ṣe é, tó wá ṣe ẹlòmíì ní jàǹbá, ẹni tó fẹ́ pè é lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ pè é láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin lẹ wá rò pé òṣìṣẹ́ nìkan ló ń dáàbò bò, àwa náà rò bẹ́ẹ̀, àṣé Supreme Court ti sọ ní 1998 pé àtòṣìṣẹ́ àtiléeṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀ ló wà lábẹ́ ẹ̀. Káńsù wà níbẹ̀, ọsibítù ìjọba náà wà níbẹ̀. Wọn ò sì ní bi yín bóyá ẹjọ́ yín dáa tàbí kò dáa, ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé ìwé lọ sí kọ́ọ̀tù ni wọ́n máa fi wéra, tó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ, ó parí.

Mo wá sọ fún un pé ṣebí àwọn ni wọ́n ní ká dúró, wọ́n ní àwọn máa ṣe ohun tó yẹ. Ó mi orí. Ó ní ẹjọ́ kan wà tó dé Supreme Court ní 1994, NNPC wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni ilé ẹjọ́ ti là á mọ́lẹ̀ pé bí ẹ bá ń dúnàádúrà pẹ̀lú ẹni tó ṣẹ̀ yín, ìyẹn kò dá ọjọ́ dúró. Gbogbo ìgbà tí ọkùnrin yẹn ń sọ fún mi lórí fóònù pé kí n ṣe sùúrù, ọjọ́ tiwa ń lọ. Bóyá ó mọ̀ ni o, bóyá kò mọ̀, mi ò lè búra lé e lórí. Ṣùgbọ́n àpò ìrẹsì méjì yẹn, nígbà tí mo rántí ẹ̀ nínú ọ́fíìsì lọ́yà yẹn, ńṣe ni inú mi ń ru.

Ìyàwó àbúrò mi tí kò tíì sọ̀rọ̀ látìgbà tá a ti wọlé wá la ẹnu. Ó gbọ́ nígbà tí lọ́yà sọ pé òfin náà yọ̀ǹda fún jàǹbá tó bá ṣì ń bá a lọ, pé ìgbà tó bá tó dáwọ́ dúró ni wọ́n máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù mẹ́ta. Ó ní, "Ṣé tèmi ti dáwọ́ dúró ni, sà? Àwọn ọmọ mi ṣì ń bèèrè bàbá wọn." Lọ́yà náà ò tètè dáhùn. Ó ní kọ́ọ̀tù ti sọ pé ohun tí wọ́n ṣe ni àwọn ń wò bóyá ó ṣì ń lọ, kì í ṣe ìrora tó fi sílẹ̀. Ìgbà tí mọ́tò gbá a, ó ti parí lójú òfin.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó. Opó tí Ọlọ́run pa láṣẹ fún obìnrin yìí, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ohun tí ìjọba fún un, oṣù mẹ́ta. Kí obìnrin Mùsùlùmí tó bọ́ aṣọ opó, ẹjọ́ ọkọ rẹ̀ ti kú tẹ̀lé e. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì náà ńkọ́, tí wọ́n máa gbé òkú sí mọ́ṣúárì torí ọmọ tó wà ní London kò tíì rí fìsà, tí wọ́n á yan àǹkóò, tí wọ́n á kun ilé, ìgbà míì òkú ò ní tíì wọlẹ̀ tí oṣù mẹ́ta fi máa pé. Mo bi álúfà wa lẹ́yìn ìgbà náà, ó ní opó lè jáde lọ́sàn-án fún ohun tó bá pọn dandan, àti pé àwa ẹbí náà lè lọ bá lọ́yà láìdúró dè é. Òótọ́ ni. Ká ní mo mọ̀ ni, ọjọ́ kejì fídáù ni ǹ bá ti lọ.

Ohun tó tún wá dùn mí jù ni pé tó bá jẹ́ mọ́tò aládàáni ló gbá àbúrò mi, danfó tàbí típà oníyanrìn, ọdún ni wọn ì bá kà fún wa, kì í ṣe oṣù. Ẹni tó wọ bàálù tó sì kú, òfin àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Montreal Convention, tí Nàìjíríà ti gbà wọlé láti 2006, fún ẹbí rẹ̀ ní ọdún méjì, láti ọjọ́ tó yẹ kí bàálù náà gúnlẹ̀. Èèyàn kan náà, ikú kan náà, ẹni tó ni mọ́tò ló yàtọ̀. Àwọn òyìnbó tó gbé òfin yìí wá ńkọ́? Irú ẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn láti 1893, oṣù mẹ́fà ni tiwọn nígbà yẹn, wọ́n sún un sí ọdún kan ní 1939, nígbà tó di 1954 wọ́n pa á rẹ́ pátápátá. Ọmọ Yorùbá tí mọ́tò káńsù bá pa ní Manchester lónìí, ọdún mẹ́ta ni ẹbí rẹ̀ ní láti pẹjọ́. Èyí tí mọ́tò káńsù bá pa nílẹ̀ bàbá rẹ̀, oṣù mẹ́ta ni ti ẹbí rẹ̀. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn 1954 la gba òmìnira, a sì mú òfin náà dání bí ẹni pé ogún ni.

Ẹ má jẹ́ kí n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó wá dà bíi pé kò sí ọ̀nà rárá. Ẹjọ́ ìpànìyàn kì í gbó, kò sí iye ọdún tó máa pé tí ìjọba ò ní lè gbé apànìyàn lọ sí kọ́ọ̀tù. Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti yìnbọn pa Bọ́lá Ìgè nílé rẹ̀ ní Bódìjà, December 23, 2001, tí ẹ̀rí bá yọjú lọ́la òde yìí, wọ́n ṣì lè gbé ẹni tó ṣe é. Dírẹ́bà tó gbá àbúrò mi náà, ọlọ́pàá ṣì lè bá a ṣẹjọ́ lórí ìwàkuwà tó wa mọ́tò. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tiẹ̀ jù ú sẹ́wọ̀n, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò ní san owó iléèwé ọmọ mẹ́ta.

Tó bá sì jẹ́ pé ọlọ́pàá tàbí sójà ló yìnbọn pa èèyàn yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oṣù mẹ́ta yìí dẹ́rù bà yín. Section 33 nínú Constitution 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè, ìlànà Fundamental Rights tí wọ́n gbé jáde ní 2009 sì sọ pé kò sí òfin gbèdéke ọjọ́ kankan tó lè dí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Tẹ́lẹ̀, nínú ìlànà 1979, oṣù méjìlá ni. Mo bi lọ́yà wa bóyá a lè gba ibẹ̀ wọlé, ó ní tiwa jẹ́ ọ̀ràn àìbìkítà dírẹ́bà, kọ́ọ̀tù á ní kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀tọ́ la gbé wá.

Èyí kan tún wà tó yà mí lẹ́nu nígbà tó sọ ọ́ fún wa. Section 314 nínú Criminal Code wa sọ pé tí ẹnìkan bá ṣe èèyàn léṣe, tí ẹni náà ò bá kú láàárín ọdún kan àti ọjọ́ kan, wọn ò lè sọ pé ó pa á. Ẹ gbọ́ ná, tí wọ́n bá fọ́ èèyàn lórí, tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì fún oṣù mẹ́rìnlá, tí wọ́n ń fi rọ́bà fún un lóúnjẹ, tó wá kú, ẹjọ́ pé wọ́n ṣe é léṣe ni wọ́n lè rò, kì í ṣe ìpànìyàn. Ayé ìgbà tí dókítà ò lè mọ ohun tó pa èèyàn ni wọ́n ti ṣe òfin yẹn. England ti fagi lé tiwọn ní 1996.

Ẹ bá mi gbé e dé etí àwọn aṣòfin wa, ti Agodi níbí àti ti Abuja. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Tí ọ̀ràn bá ti la ikú lọ, kí wọ́n jẹ́ kó tó ọdún mẹ́ta, kó má sí ìyàtọ̀ láàárín mọ́tò ìjọba àti mọ́tò aládàáni. Tí iléeṣẹ́ ìjọba bá sì ti kọ̀wé tàbí wá sílé ẹni pé àwọn fẹ́ yanjú ẹ̀, kí wọ́n má ka àwọn ọjọ́ yẹn mọ́ ẹbí lọ́rùn. Ẹ̀yin náà, tẹ́ ẹ bá lè fi igun kékeré kan sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín fún lọ́yà kan kó máa fi Yorùbá ṣàlàyé irú nǹkan báyìí, ẹ máa gba ọ̀pọ̀ ilé là, torí òfin yìí, èdè òyìnbó ló wà, àwa tó ń pa kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ ọ́.

Ìyàwó àbúrò mi ti gbé nylon dúdú yẹn kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní òun ò lè jù ú nù. Àmọ́ obìnrin kan wà lójúlé kejì wa báyìí tí ọmọ rẹ̀ kú sí ọsibítù ìjọba, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ni wọn ò tètè fún un. Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo lọ bá a, ó ń sunkún, ó ní ká jẹ́ kí òun sinmi ná. Mo jẹ́ kó sunkún tán, mo wá bá a dé fìlà lé ọkọ rẹ̀ lórí, mo mú àwọn méjèèjì lọ sí Ìyágankú. Lọ́yà náà ti kọ̀wé. Ọjọ́ kọkànlélógún rèé.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì,
Apẹ̀tẹ̀, Ìbàdàn.