Ẹ Jẹ́ Kí Ẹni Tó Wo Fíìmù Kọ̀wé Nípa Fíìmù

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo ka ìròyìn tí ẹ gbé jáde lórí àjọ̀dún fíìmù kékeré tí àwọn ọ̀dọ́ kan ṣe nílùú Òṣogbo níbí. Fọ́tò mẹ́rin ló wà níbẹ̀: mẹ́ta jẹ́ ti òṣèrébìnrin gbajúmọ̀ tó wá láti Èkó, ọ̀kan jẹ́ ti olóṣèlú tó wá kí àwọn èèyàn. Ẹ sọ irú aṣọ tí obìnrin náà wọ̀, ẹ tún sọ ẹni tó bá a rán an. Orúkọ fíìmù kan ṣoṣo kò sí nínú ìròyìn náà, bẹ́ẹ̀ fíìmù la torí ẹ̀ pé jọ.

Mo wà ní gbọ̀ngàn náà. Akọ̀ròyìn yín náà wá, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó pa iná ni wọ́n ti fún òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lówó ọkọ̀, ni kálukú bá gba ilé lọ.

N óò sọ díẹ̀ nínú ohun tí kò dúró wò. Fíìmù kan wà tí kò gùn rárá, ó dá lórí ìyá aláró kan tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ mú lọ sí Èkó. Ìlú aró ni wọ́n ń pe Òṣogbo, mo sì ti rí fíìmù tó fi ìkòkò aró ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Èyí ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó di kámẹ́rà mú gbé e sílẹ̀, ní ìwọ̀n ojú ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sórí ìkòkò, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀. Ìyá náà rẹ aṣọ, ó fà á yọ, aṣọ jáde ní àwọ̀ ewé, bí atẹ́gùn sì ṣe ń kàn án ló ń di aró lójú wa. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti báàgì. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìyá yìí ò ní í lọ sí Èkó kankan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni olùdarí wá bà á jẹ́. Ó ní kí ọmọ máa fẹnu ṣàlàyé ohun tí a ti fojú ara wa rí, dùùrù sì ń sunkún lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ará àdúgbò wọnú ohùn. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ pa òwe méjì tó dáa.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni mo ń wá nínú ìwé ìròyìn yín. Àwọn kan á ní ọmọ wa ni wọ́n, kí a má bú wọn. Èmi ò gbà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, olùdarí náà ń bi àwọn èèyàn léèrè bí wọ́n ṣe rí i, gbogbo wọn ní ‘ó dáa gan-an’. Kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ẹni tó kó owó àjọ àti owó ìyá ẹ̀ lé fíìmù, òótọ́ ló yẹ ká sọ fún un.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ta kásẹ́ẹ̀tì àti sídíì fíìmù ní ọjà Ìgbóǹnà. Oníbàárà kì í bi mí pé ta ló darí ẹ̀. ‘Ta ló wà níbẹ̀?’ ni wọ́n ń bi mí. Àwọn máàkẹ́tà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí orí òṣèré fi máa ń kún ara páálí bámúbámú. N ò bá wọn jà, ọjà ni wọ́n ń tà. Àmọ́ ìwé ìròyìn kì í ṣe páálí fíìmù. Ní ọdún 2023, nígbà tí fíìmù Mami Wata tí C.J. Obasi, ọmọ Nàìjíríà, darí dé àjọ̀dún fíìmù Sundance ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ kámẹ́rà ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn, ọmọ Brazil kan tó ń jẹ́ Lílis Soares ló sì ṣe é. Ẹni tí orí rẹ̀ ò lè dé ara páálí láéláé ni wọ́n pè jáde.

Ìlú yìí kọ́ ló yẹ ká máa ṣàlàyé èyí fún. Ibí ni Dúró Ládípọ̀ onítíátà ti dá Mbárí Mbáyọ̀, ilé iṣẹ́ ọnà àti eré, sílẹ̀ ní 1962. Inú ẹgbẹ́ tíátà alárìnká bíi tirẹ̀ ni àwọn tó ṣe fíìmù Yorùbá àkọ́kọ́ ti jáde: Adé Love pẹ̀lú Àjàní Ògún ní 1976, Ògúndé pẹ̀lú Ayé ní 1979, Bàbá Sàlá pẹ̀lú Ọ̀run Mooru ní 1982. Láti ìlú dé ìlú ni wọ́n ń gbé fíìmù kiri nígbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú fíìmù ayé ìgbà yẹn, ẹ ò rí i wò mọ́. Ohun tí ẹnì kan bá kọ sílẹ̀ nípa wọn ló kù. Ti àwọn ọmọ ìsinsìnyí tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni fíìmù ẹlòmíì wà. Kólékólé kan ti tó.

Àwọn olùṣètò náà ní tiwọn o. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n pín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju fíìmù lọ. Ìyẹn náà yẹ kó wà nínú ìròyìn.

Ààbọ̀ ojú ìwé ní Sátidé tó mi. Ẹ wá ẹni tí yóò jókòó títí orúkọ tó kẹ́yìn fi kọjá lójú sinimá, tí yóò dárúkọ ẹni tó di kámẹ́rà mú àti ẹni tó gba ohùn sílẹ̀, tí yóò sì sọ ibi tí èèyàn ti lè rí fíìmù náà wò. Bí kò bá sí ní ọ́fíìsì yín, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tíátà wà ní Ifẹ̀, wọ́n wà ní Ìkirè. Ní ti owó ọkọ̀, bó bá jẹ́ pé òun ló ń dí yín lọ́wọ́, ẹ kọ̀wé sí mi: èmi yóò san án fún akọ̀ròyìn yín lálọ àti lábọ̀, bí kò bá ti ní í gba ti ẹlòmíì. Ẹ̀yìn tí fíìmù bá parí ni màá tó fún un o.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo.