Ẹ Má Fi Abẹ́rẹ́ Sílẹ̀ fún Agbálẹ̀

Sí Olóòtú,

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, Rẹ́mọ níbí ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo lọ wo ìbátan mi kan ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Garawa ìdọ̀tí méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, dúdú fún pàǹtírí lásán, èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè fún ohun tí ẹ̀jẹ̀ tàbí egbò bá kàn. Inú dúdú, láàárín èèpo ọsàn àti ọ̀rá búrẹ́dì, ni mo ti rí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gún ènìyàn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 ìdọ̀tí ilé ìwòsàn ni kò yàtọ̀ sí ti ilé wa. Ìdá 15 tó kù ni ẹ̀rù wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bí òwú ẹlẹ́jẹ̀ kan bá ti bọ́ sínú pàǹtírí lásán, gbogbo rẹ̀ ti di eléwu nìyẹn. Ìdí nìyí tí ìyàsọ́tọ̀ fi gbọ́dọ̀ wáyé lójú ẹsẹ̀, láti ọwọ́ ẹni tó lo nǹkan náà. Ẹni tó gún abẹ́rẹ́ ni kó jù ú sínú àpótí tí a yà sọ́tọ̀ fún abẹ́rẹ́, láì dé ìdérí padà lé e, torí níbi dídé e padà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi gún ara wa níka. Bí àpótí náà bá kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó tó láti pa á dé; ṣùgbọ́n mo mọ̀ wá, a ó ṣì máa ki í mọ́lẹ̀.

Agbálẹ̀ tó gbé ọ̀rá ìdọ̀tí náà, tí ó ń gbá a lẹ́sẹ̀ bó ti ń lọ, ni ìyà rẹ̀ máa ń jẹ. Bí abẹ́rẹ́ ẹni tó ní hẹpatáítíìsì B, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, bá gún ẹni tí kò gba àjẹsára, ó lè ran tó 30 nínú 100 irú wọn. Ti HIV jẹ́ nǹkan bí 3 nínú 1,000. Ó yẹ kí agbálẹ̀ tí abẹ́rẹ́ gún fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, kó sì lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ kíákíá, nítorí oògùn tí ń dènà HIV kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72 kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mélòó nínú àwọn agbálẹ̀ wa ni ẹnikẹ́ni ti jókòó sọ èyí fún?



Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn, ti ìjọba àti ti aládàáni, ni pé kí wọ́n fún agbálẹ̀ ní àjẹsára hẹpatáítíìsì B lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ nínípọn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí nọ́ọ̀sì àgbà sì máa yẹ inú garawa dúdú wò kí ó tó fa wọ́ọ̀dù lé ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì,
Ṣágámù.