Ẹ Má Fi Fóònù Ti Àwọn Àgbà Sẹ́yìn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ka ìròyìn yín lórí àwọn ọ̀dọ́ àti fóònù, ó dára, àmọ́ ẹ ò mẹ́nu ba àwọn àgbà. Lójú tèmi, kò yẹ kí iléeṣẹ́ kankan sọ fóònù ńlá di dandan fún ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, àwọn àgbà olówó ló kọ́kọ́ ń lò ó. Náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan. Ọmọdé wo ló tó bẹ́ẹ̀? Lónìí, ọmọ ọdún mẹ́ta ń fi ìka wá àwòrán lórí fóònù ìyá rẹ̀.

Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni màmá mi ń lò. Wọ́n fi rọ́bà dè é kí bátìrì má baà já bọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ pè mí, wọ́n á tẹ 2 mọ́lẹ̀ títí yóò fi dún. Lóṣù tó kọjá, wọ́n lọ béèrè owó ìfẹ̀yìntì wọn, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì ní kí màmá lọ gba áàpù sórí fóònù. Inú oòrùn ni wọ́n gbà padà wálé lọ́wọ́ òfo. Ó dùn mí wọra.

Ẹ bá wa sọ fún àwọn iléeṣẹ́ kí wọ́n fi ẹnì kan sórí káńtà fún àwọn arúgbó, kí wọ́n má sì pa kóòdù tí à ń tẹ̀ láìlo dátà rẹ́.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ kan, Òṣogbo