Ẹ má wo nọ́ńbà nìkan, ẹ ní kí onígóòlù ṣí gráàfù

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka èyí tí ẹ kọ nípa góòlù ayédèrú, pé kéèyàn má rà á lọ́wọ́ ẹni tí kò bá ní maṣíìnì X-ray, ó dáa, mi ò bá yín jà, àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ gan-an lẹ ti dánu dúró. Maṣíìnì yẹn, tí a máa ń pè ní ìbọn torí bó ṣe rí, kì í purọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó ń gbé síta, ìyẹn iye góòlù nínú 100, ìṣirò ni, ìṣirò ọ̀hún sì gbà pé bí nǹkan ṣe rí lókè náà ló rí dénú. Àwọn tó ń fi góòlù bo bàbà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti jí ju wá lọ.

Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níbí ní Ìkòròdú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún wọn. Ìbọn náà á yin X-ray lu ṣéènì, X-ray á ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan (ohun tíńtín tó ń yí àárín átọ́ọ̀mù ká) dànù ní ìpele tó wà nínú jù lọ nínú átọ́ọ̀mù, ìyẹn ìpele K, àyè á ṣófo, òmíràn á já bọ́ síbẹ̀, bó sì ṣe ń já bọ́ ló máa tu X-ray tiẹ̀ jáde. Tó bá ti ìpele tó tẹ̀ lé e wá, Kα là ń pè é, tó bá ti ìpele kẹta wá, Kβ ni. Gráàfù tí mo ń sọ ni àwòrán tí ìbọn náà ń yà, X-ray kọ̀ọ̀kan á yọ níbẹ̀ bí ìlà gíga níbi agbára tiẹ̀. Kβ lágbára díẹ̀ ju Kα lọ, àmọ́ kì í pọ̀ tó o. Ti bàbà, Kα wà ní 8.05 keV (ohun tí a fi ń wọn agbára X-ray ni keV), Kβ wà ní 8.90. Moseley, onífísíìsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi hàn wá láti 1913 pé ẹ́límẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ní ipò tiẹ̀ tí ò yẹ̀ lórí gráàfù (ogun Gallipoli pa á ní 1915, ọmọ ọdún 27 péré, ó ń dùn mí títí dòní).

Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ni pé mélòó ni Kβ jẹ́ tí a bá fi wé Kα. Tí Kα bàbà bá jẹ́ 100, Kβ ẹ̀ á jẹ́ bíi 13 sí 14, ti fàdákà ju 20 lọ. Kò sí ọlọ́jà tó lè dúnàádúrà ìyẹn. Àmọ́ tí góòlù bá bo bàbà mọ́lẹ̀, X-ray méjèèjì ní láti gba inú góòlù kọjá kó tó jáde, bíi kí ọmọdé àti àgbà jọ máa wọ́ ẹrọ̀fọ̀ ní Ẹ̀bútẹ́, ọmọdé ló máa kọ́kọ́ rẹ̀. Kα ni ọmọdé yẹn, góòlù á jẹ ẹ́ ju Kβ lọ, nọ́ńbà 13 yẹn á wá máa gòkè, bí góòlù òkè ṣe nípọn tó ló ṣe máa gòkè tó.

Mo bá aǹtí kan ládùúgbò wa lọ yẹ ṣéènì tí wọ́n fẹ́ fi ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ẹ́ ọmọ wọn wò, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Sábó. Ọmọkùnrin yẹn yìnbọn sí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, 75 ló gbé, 18 karat pọ́ńbélé, kí lẹ tún ń wá?" Mo ní àbúrò, jọ̀ọ́, tẹ gráàfù. Mo ní kí aǹtí bọ́ òrùka tí ìyá wọn fún wọn, èyí tí a mọ̀ dájú pé 18 karat ni, kó yìnbọn sí ìyẹn náà. Kβ bàbà inú òrùka ò tó 17 nínú 100, ti ṣéènì ti kọjá 24. Alágbẹ̀dẹ góòlù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ fi fáìlì ha kọ́rọ́ ìdè rẹ̀ díẹ̀, pupa bàbà yọjú. Ọmọkùnrin yẹn ní bí òun náà ṣe rà á nìyẹn, mo gbà á gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi 13 nìkan dá ọlọ́jà lẹ́jọ́ o. Góòlù gidi tí wọ́n po bàbà mọ́, góòlù inú ẹ̀ náà ń jẹ Kα díẹ̀, ìdí nìyẹn tí òrùka yẹn ò fi dúró sí 14, ìdí nìyẹn náà tó fi yẹ kí ojúlówó tí karat ẹ̀ bá a dọ́gba wà nílẹ̀ láti fi wé e. Zinc, irin míì tí wọ́n máa ń pò mọ́ góòlù, náà máa ń dà á rú, torí Kα tiẹ̀ wà ní 8.64, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan Kβ bàbà.

Àwọn ará Odògùnyàn tó ń bẹ̀rù òjé (lead) nínú ilẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín, torí ìbọn yìí kan náà ni wọ́n fi ń yẹ ilẹ̀ wò. Òjé ní ìlà kan ní 10.55, ásẹ́níìkì, májèlé míì, sì ní tiẹ̀ ní 10.54, ìbọn ò lè yà wọ́n, àfi kéèyàn wo ìlà kejì òjé ní 12.61 bóyá ó pọ̀ tó bó ṣe yẹ. Irú ìbọn yìí ni wọ́n fi yẹ ilẹ̀ wò ní Zamfara ní 2010 nígbà tí òjé ń pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé tí ẹ bá tún máa kọ ọ́, ẹ fi fọ́tò gráàfù méjì síbẹ̀, ti ojúlówó àti ti ayédèrú, kí àwọn ìyá wa rí ohun tí wọ́n máa ní kí onígóòlù ṣí fún àwọn.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ físíìsì kan, Ìgbógbó, Ìkòròdú.