Àṣàkẹ́, òǹtẹ̀ owó-orí ni wọ́n fi dẹ́rù bà ọ́

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùmù. Ara gbogbo wa le nílé, bàbá rẹ ní kí n kí ọ.

Àbúrò rẹ ló sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi, jọ̀ọ́, má bá a jà. Ó ní o san ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà fún ẹnì kan lórí fóònù pé kó fi káàdì tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́ wo ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ, àti pé láti ìgbà tí káàdì dúdú alámì kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní ace of spades, ti jáde, tí ó sì ní ikú ni, o ò lè jẹun dáadáa mọ́. Owó yẹn dùn mí. Ẹ̀rù tó wọ̀ ọ́ lára dùn mí jù ú lọ.

Mo ti wá ìdí káàdì náà. Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń fi ṣeré, kó tó gba ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí dé Íjíbítì. Díẹ̀ lára èyí tí wọ́n fi ń ṣeré ní Íjíbítì láyé àwọn Mamluk, àwọn Mùsùlùmí tó jọba níbẹ̀ nígbà kan, ṣì wà ní ààfin Topkapi ní Istanbul. Àmì mẹ́rin ló wà lára rẹ̀: ife, owó, idà, àti ọ̀pá tí àwọn ẹlẹ́ṣin fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọn ò ya ènìyàn sí i, orúkọ oyè ni wọ́n kọ: málíkì, ìyẹn ọba, náíbì, ìyẹn igbákejì rẹ̀, àti náíbì kejì. Àṣàkẹ́, náíbì yìí náà ni Nọ́íbì tó máa ń gbà fún Lèmọ́mù ní mọ́sálásí wa! Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn ará Sípéènì ti rí naipes tí wọ́n ń pe káàdì títí dòní. Ìgbà tó fi máa di 1377, ó ti dé Florence ní Ítálì, wọ́n sì ti ṣòfin lé e lórí.

Àwọn ará Yúróòpù ò mọ eré ẹlẹ́ṣin yẹn, ni wọ́n bá sọ ọ̀pá di kùmọ̀. Nígbà tó di nǹkan bí 1480, àwọn Faransé tún gbé àmì tiwọn dé, ọkàn wà níbẹ̀, ewé wà níbẹ̀. Ohun tí ọmọ aráyé ń pààrọ̀ bó ṣe wù wọ́n, níbo ló ti máa mọ ọkọ rẹ?

Ẹni yẹn tún ní káàdì 52 dúró fún ọ̀sẹ̀ 52 inú ọdún. Sípéènì ń fi 40 ta tiwọn, Jámánì ń fi 32 ta tiwọn, ọdún wọn ò sì kúrú ju tiwa lọ.

Káàdì dúdú tó ń lé oorun lójú rẹ wá ńkọ́? Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbowó-orí lórí káàdì nígbà kan, òun gan-an ni wọ́n sì ń tẹ òǹtẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí àmì àárín rẹ̀ fi tóbi, tí wọ́n sì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ní 1805, wọ́n yẹgi fún Richard Harding ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí pé ó ṣe ayédèrú rẹ̀. Òfin owó-orí ló pa á.

Káàdì yìí kan náà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń tọ́jú sínú fìlà nígbà tí a wà ní agboolé wa l'Ókè-Málé. Oríire ló pè é. Ó fi ta tẹ́tẹ́ títí owó àgbò Iléyá tí bàbá wa fi rán an fi tán lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣì rántí ojú ìyá wa lọ́jọ́ náà. Ikú lẹ́nu ẹnì kan, oríire lẹ́nu ẹlòmíràn, bébà kan náà ni.

Má fowó ránṣẹ́ sí ẹni yẹn mọ́, kódà bó bá ní òun máa tú u fún ọ. Kí ìrun Ìsítíhárà, èyí tí a fi ń bèèrè ìtọ́sọ́nà lọ́dọ̀ Ọlọ́run, lálẹ́ òní kí o tó sùn. Ní ti ọkùnrin náà, bàbá rẹ fẹ́ lọ ṣe ìwádìí ẹbí wọn ní Ọ̀fà lọ́jọ́ Àlàmísì. Fi orúkọ agboolé wọn ránṣẹ́ sí mi kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èmi ni,
Ìyá rẹ