Àṣàkẹ́, Má Dáhùn Pé "Dáadáa Ni"

Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ Ẹtì.

Àṣàkẹ́ mi,

Láti ọjọ́ Àìkú tí o ti pè mí ni mo ti ń wá bí n óò ṣe kọ lẹ́tà yìí. O ní dókítà ti ní kí o lọ máa bá therapist sọ̀rọ̀, ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú àárẹ̀ ọkàn, pé Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n dá fún ọ. O wá rẹ ohùn sílẹ̀, o ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni." N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn kò jẹ́ kí n sùn, nítorí èmi náà ti fi irú rẹ̀ sọ̀rọ̀ rí.

Ṣé o rántí ọdún tí bàbá rẹ kú, tí mo máa ń sọ fún yín ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ pé mò ń lọ ra àdìrẹ ní Ìtòkú? N kì í lọ sí Ìtòkú. Arò ni mò ń lọ, ilé ìwòsàn àárẹ̀ ọkàn. Oṣù mẹ́rin ni mo fi lọ, tí mò ń fa gèlè bo iwájú kí ọlọ́kadà má baà dá mi mọ̀. O mọ ohun tí orúkọ Arò jẹ́ lẹ́nu àwa ará Abẹ́òkúta. Ọmọdé ṣe àṣejù díẹ̀, wọ́n á ní ẹ gbé e lọ sí Arò. Òfin ìjọba pàápàá, òfin wèrè ló ń jẹ́ títí wọ́n fi gbé tuntun jáde ní 2023. Ta ni kò ní fa gèlè bojú?

Bẹ́ẹ̀, ohun tí ayé mọ Arò sí yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń bú ara wa. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta níbí, bá àwọn àgbẹ̀ abúlé tó yí Arò ká sọ̀rọ̀, wọ́n sì gba àwọn aláìsàn sílé wọn. Ẹbí aláìsàn ní láti bá a wá. Ojúmọ́ mọ́, wọ́n á lọ gba ìtọ́jú. Ilẹ̀ ṣú, wọ́n á padà sáàárín èèyàn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé àṣà òyìnbó lo lọ kó, ìlú tí a ti bí ọ ni wọ́n ti ń ṣe é kí a tó bí èmi ìyá rẹ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ mi rèé. Obìnrin tó fẹ́ tọ́jú mi, tí mo lè bí lọ́mọ, bi mí pé báwo ni mo ṣe wà. Mo ní, "Dáadáa ni, a dúpẹ́." Kò sọ nǹkan kan. Mo ní àwọn ọmọ náà wà, Ọlọ́run ń ṣọ́ wọn. Ó tún dákẹ́, ó kàn ń wò mí. Irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀, nílé tiwa, ìjà ló máa ń bí. Nígbà tó pẹ́, mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé ó di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti wẹ̀. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀.

Àṣàkẹ́, èmi ni mo kọ́ ọ ní "dáadáa ni" yẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ pé ọ̀rọ̀ ilé kì í jáde, pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í wo àgbà lójú. Mo tú ọ sílẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 50 tàbí wákàtí kan tí o máa lò níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá kàn mí, sọ ọ́. Sọ nípa ọdún méjì tí mo fi ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Ìlaròó. O kò tíì sọ ohun tí ojú rẹ rí níbẹ̀ fún mi, n kò sì ní bi ọ́. Sọ ọ́ fún therapist náà. Kò ní tú ọ láṣìírí, àfi tí ẹ̀mí rẹ tàbí ti ẹlòmíì bá wà nínú ewu. Òun fúnra rẹ̀ á ṣàlàyé ìyẹn fún ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìwé ìbéèrè mẹ́sàn-án tí o ya fọ́tò rẹ̀ sí mi yẹn, wọ́n lè máa fún ọ nígbà tí ẹ bá ti fẹ́ rí ara yín. Má fi òdo, ìyẹn pé kò ṣe ọ́ rárá, kún inú rẹ̀ láti fi tẹ́ wọn lọ́rùn. Ìkẹsàn-án, tó ń béèrè bóyá ó ti wá sí ọ lọ́kàn pé ó sàn kí o kú, tàbí kí o ṣe ara rẹ léṣe, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ó bá ti wá sí ọ lọ́kàn, ọmọ mi, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe kí wọ́n lè dá ọ lẹ́bi ni wọ́n ṣe bi ọ́.

Bí orí rẹ bá ń gbóná, tí ó ń ṣe ọ́ bíi pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀, sọ ọ́ bí ó ṣe ń ṣe ọ́. Má wá gẹ̀ẹ́sì dídán fún un. Ara ni àárẹ̀ ọkàn máa ń gbà bá àwa sọ̀rọ̀, ẹni náà sì lè má mọ̀. Ṣàlàyé fún un títí á fi yé e. Bí ẹ̀yin méjèèjì kò bá wá bára yín mu lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, béèrè ẹlòmíì. Kì í ṣe àrífín.

Má retí kí ó dá ẹjọ́ fún ọ bí àwọn àgbà ẹbí. Ìbéèrè ni tirẹ̀, ó sì lè fún ọ níṣẹ́ ṣe délé, pé kí o kọ ohun tí o rò sílẹ̀ nígbà tí ọkàn rẹ bàjẹ́. Ṣe é. Ó sì lè kọ́kọ́ wúwo sí i. Lẹ́yìn ìgbà kejì, mo sunkún láti Arò dé Lafẹ́nwá, mo sì búra pé n kò padà mọ́. Mo padà.

Àdúrà ń lọ níbí lójoojúmọ́. Máa gba tìrẹ, kí o sì lọ.

N kò ní pè ọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Bí o bá jáde tí o kò fẹ́ sọ̀rọ̀, tẹ "mo ti délé" sí mi lórí WhatsApp, ó tó. Bí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, aago yòówù kó lù, fóònù á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi. Mo ti fi lafún rán ọmọ Ìyá Ṣadé sí ọ, yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ ní Sátidé.

Èmi ni,
Màámi rẹ.